Apá Tó Yọ Lára Pátákó Orin

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Ẹ̀bá Ọgbà Valence,
                                        Becontree, Dagenham,
                                        London.
                                        Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Kọkànlá, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìyá Jésùfẹ́mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ o. Ṣé ara yín le? Orúnkún tó ń dùn yín lọ́jọ́sí ńkọ́, ṣé òróró tí mo fi rán Láyí ọ̀rẹ́ mi sí yín ń ṣiṣẹ́? Jésùfẹ́mi àti ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ tuntun wọn ńkọ́, ṣé ó ti ń rákò? Àwa náà wà níhìn-ín, a dúpẹ́. Catherine ìyàwó yín ní kí n kí yín. Òtútù ti dé. A kì í tan ẹ̀rọ amúlégbóná kí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù, aṣọ òtútù méjì méjì la ń wọ̀ nínú ilé.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi kọ̀wé nígbà tí fóònù wà. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé fi ẹnu sọ fún yín ni. Irọ́ ni mo pa fún yín lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Mo ní ọmọ mi Ọmọ́lẹ́wà fúnra rẹ̀ ló pa àwòrán yíyà tì, pé ìṣirò owó ló wù ú láti kọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ẹ rántí pé ó fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ayàwòrán. Wọ́n ní kí ó gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá kí wọ́n wò ó. Ó wá mú ayàwòrán ará Faransé kan tó ti kú ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, Jacques-Louis David. Ó kọ ìtàn rẹ̀, ó sì ṣe àdàkọ àwòrán rẹ̀ kan sára pákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀: ọkùnrin kan tí wọ́n gún pa nínú ọpọ́n ìwẹ̀, aṣọ funfun wà lórí rẹ̀, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, apá kejì rọ̀ sílẹ̀. Mo ráhùn lórí owó ọ̀dà. Póùn mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Mo ní oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fara balẹ̀, ó sì gbé e kọ́ sí yàrá rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú kan, Wòlíì Sylvanus ti ìjọ wa ríran nínú ìsìn àárọ̀. Ó ní òun rí òkú ọkùnrin kan nínú omi nílé arákùnrin kan, kí onítọ̀hún tètè gbé e kúrò. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò sì wo ọ̀dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n Catherine ń ṣàìsàn lákòókò yẹn, ẹ̀rù sì bà mí. Kàkà kí n bi Wòlíì, ilé ni mo gbà lọ. Ọ̀dà funfun tó ṣẹ́kù nígbà tí a kun ilé ìdáná wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Mo fi kun àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó gbẹ, mo rí i pé pákó náà dára, kò yẹ ní dídànù. Mo gbé e fún ìjọ kí wọ́n máa lẹ nọ́ńbà orin mọ́ ọn. Wọ́n ṣàdúrà fún mi.

Nígbà tí Ọmọ́lẹ́wà dé láti ilé-ìwé, kò pariwo. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí ó gbé e lọ. Ó wo ìṣó tó wà lára ògiri, ó ní, "Oṣù mẹ́rin ni, Dádì." Owó ọ̀dà ni mo ti kà, n kò ka oṣù. Kò rí iṣẹ́ kankan gbé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, kò sì lọ mọ́. Ó kọ́ ìṣirò owó, ó ríṣẹ́ gidi, ó ń tọ́jú wa. Ṣùgbọ́n bó bá wá ní Kérésì, bí ẹni ń kí oníbàárà ló ń kí mi.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yìí, ọ̀dà funfun náà bẹ̀rẹ̀ sí í bó, nítorí gbọ̀ngàn tí ìjọ wa háyà ní Thames View máa ń rin. Apá kan yọ lábẹ́ nọ́ńbà orin. Ìyá Àdúrà, olórí àwọn obìnrin ìjọ, ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n ní ọwọ́ áńgẹ́lì ni. Wọ́n tan àbẹ́là síwájú rẹ̀, wọ́n dá àwẹ̀ ọjọ́ méje. Èmi náà gbààwẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ebi ń pa mí, mo sì dákẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi márùn-ún ni mo fi dákẹ́.

Mo lọ sí ilé ìkàwé ìjọba, mo ka ìtàn David, ayàwòrán yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí wọ́n pa bàbá rẹ̀. Àwọn arákùnrin ìyá rẹ̀ fẹ́ kó máa ya àwòrán ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́, ó kọ̀. Ìgbà mẹ́ta ló du ẹ̀bùn ńlá kan tí kò rí i gbà, débi pé nígbà kan ó fẹ́ febi pa ara rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ló gbà á. Ó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ó ṣẹ̀wọ̀n nítorí òṣèlú, wọ́n sì lé e kúrò nílùú. Brussels ló kú sí. Wọn kò jẹ́ kí òkú rẹ̀ wálé; ọkàn rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbé lọ sin sí Paris. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n sọ fún un pé kò tíì tó. Èmi kò tiẹ̀ jẹ́ kí Ọmọ́lẹ́wà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò sọ fún un pé kò tó.

Mo pè é. Àná ló wá bá mi ní ìjọ. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bíi gbogbo wa, ó dúró níwájú pátákó. Ìyá Àdúrà ní kó kúnlẹ̀ fún iṣẹ́ ìyanu. Ọmọ náà kàn wo ojú mi. Ni mo bá dìde, mo ní, "Ẹ dákun, ẹ pa àbẹ́là yẹn. Ọmọ mi ló ya apá yìí. Èmi ni mo fi ọ̀dà bò ó."

Wòlíì bi mí pé kí ló dé tí n kò wá bi òun nígbà yẹn, pé ilé ẹlòmíràn lòun rí. Ìyá Àdúrà ní ta ni yóò wá dá àwẹ̀ ọjọ́ méje òun padà.

Ọmọ́lẹ́wà fi èékánná ha ọ̀dà náà díẹ̀. Ó ní, "Apá yìí gùn jù." Mo bi í bóyá àwọn tó mọ̀ ọ́n lè ṣí ìyókù, mo ní iye yòówù tó bá jẹ́, mo máa san án. Ẹ mọ̀ pé n kì í sọ bẹ́ẹ̀.

"Wọ́n lè ṣí i, Dádì," ni ó wí. "Ẹni tó yà á ni kò sí níbẹ̀ mọ́."

Ó kí àwọn àgbà, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin Barking.

Mo ti gbé pátákó náà wálé, mo gbé e kọ́ padà sórí ìṣó rẹ̀ ní yàrá Ọmọ́lẹ́wà. Ti ayàwòrán yẹn, ọkàn rẹ̀ ló wálé, ara rẹ̀ kò wá. Ti ọmọ tèmi, ara ló ń wá. Wọ́n ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Tèmi pẹ́ kó tó dé.

Ẹ bá mi pè é. Ẹ má bẹ̀ ẹ́ nítorí mi o. Ẹ kàn ní kó ya ọmọ tuntun Jésùfẹ́mi fún yín. Bó bá kọ̀, ẹ jẹ́ kó kọ̀.

Ẹ bá mi kí Láyí àti gbogbo ará ilé. Àwòrán yín tí Ọmọ́lẹ́wà yà nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, èyí tó wà ní pálọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò níbi tí òrùlé ti ń jò. Òun nìkan ló kù tí ọwọ́ mi kò tíì kàn.

                                        Èmi ni àbúrò yín tó jẹ̀bi,
                                        Túbọ̀sún.