Àwọn Tí Kò Húkọ́

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Láàbù gbóná bí ààrò. Àyẹ̀wò imú àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtajà tí oníbàárà wọn kú lọ́sẹ̀ tó kọjá la ṣe. Àwọn kan nínú wọn ò húkọ́, ara wọn ò gbóná. Ṣe ni wọ́n ń bá ara wọn ṣàwàdà bá a ṣe ń ti òwú bọ̀ wọ́n nímú. Síbẹ̀, kòkòrò àrùn ikọ́ tuntun tó ń pààyàn yìí kún imú wọn fọ́fọ́. Mo tún un ṣe. Bákan náà ni. Ẹni tí ara rẹ̀ le koko ń kó o ran èèyàn!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Mo gbé èsì náà lọ bá Ẹlẹ́rìn-ín — ọ̀gá wa. Ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń pè é bẹ́ẹ̀, torí kò sí ọ̀rọ̀ burúkú tí kì í fẹyín sí. Ó kà á. Ó fẹyín. Ó ní tá a bá sọ èyí síta, ìlú á dàrú, ìbòmú ò sì tó àwọn tó ń tọ́jú àwọn tó ń húkọ́ gan-an. Mo ní ká sọ fún àwọn ilé ìwòsàn nìkan. Ó ní òun á gbé e dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àrùn náà. Lẹ́yìn náà: "Ẹnu ẹ ńkọ́?"
Mo ní, "Ẹnu mi á dákẹ́, sà."
Ọmọ gidi ni mí.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ìgbìmọ̀ ní ká ṣì dúró ná. Ká dúró de kí ni?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Mi ò lè pa á mọ́ra. Mo pe Kékeré. Àbúrò mi ni, nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún. Ó ga jù mí lọ fíìfíì, àmọ́ Kékeré ni mò ń pè é látìgbà tí mo ti ń pọ̀n ọ́n. Mo ní kó máa wọ ìbòmú, kódà bí ẹnikẹ́ni ò húkọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kì í ṣe pé nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń wò nínú ẹ̀rọ yẹn ti wọ̀ yín lórí?" A jọ rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti gbọ́.

Ọjọ́ Ajé, 10
Kékeré wọ ìbòmú. Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, ní kó bọ́ ọ kíá — ó ń dẹ́rù ba àwọn aláboyún, àṣẹ ò sì sọ bẹ́ẹ̀. Kékeré pè mí, inú ń bí i: "Ẹ wá sọ fún wọn fúnra yín. Tó bá tẹnu yín jáde, wọ́n á gbà."
Mo ní màá rí i ṣe.

Ọjọ́rú, 12
Mi ò lọ. Ẹlẹ́rìn-ín ti kìlọ̀ fún gbogbo wa pé ẹni tó bá la ẹnu níta, kó kẹ́rù rẹ̀. Mo tan rédíò, òun náà ló ń sọ̀rọ̀ — ẹni tí kò bá húkọ́, kó fọkàn balẹ̀. Ohùn rẹ̀ dùn bí ohùn ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn. Mo pa rédíò náà.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Kékeré ò gbóòórùn mọ́. Ó ní ọṣẹ ìwẹ̀ òun ti dòkúta. Ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Òwú tí wọ́n fi gba nǹkan nímú rẹ̀ dé orí tábìlì mi. Wọ́n ní kẹ́lòmíì ṣe é. Mo kọ̀. Mo ṣe é fúnra mi. Ó ti kó o.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22
Ọ́síjìn ló fi ń mí. Wọn ò jẹ́ ká wọlé. Màmá dúró níta fèrèsé, wọ́n ń juwọ́ sí i ṣáá. Mi ò mọ̀ bóyá ó rí wa. Ìyálọ́mọ kan tí Kékeré gbẹ̀bí fún ló wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 24
Kékeré ti lọ.

Ọjọ́bọ̀, 27
Ẹlẹ́rìn-ín wá kí Màmá. Ìbòmú tó dáa jù nílé iṣẹ́ wa ló wọ̀ wá. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà yẹn. A ṣì ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò."
Mi ò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi: "A mọ̀."
Ó ní ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó lọ.
Màmá ò tiẹ̀ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi ni wọ́n kọjú sí. "Àbúrò ẹ sọ fún mi pé òun ní kó o wá bá àwọn ọ̀gá òun sọ̀rọ̀. Ṣé o lọ?"
"Mi ò lọ, mà."
Mo rò pé wọ́n á gbá mi létí. Ì bá sàn. Wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n tún un wé. Lẹ́yìn náà: "Ṣé wọ́n ti wá ń wọ ìbòmú ní wọ́ọ̀dù rẹ̀ báyìí?"
"Rárá, mà."
"Kí lo wá jókòó tì mí fún? Àbí kò sọ́mọ ẹlòmíì níbẹ̀ ni?"

Ọjọ́ Ẹtì, 28
Mo lọ. Mo dúró láàárín wọ́ọ̀dù, mo sọ gbogbo rẹ̀ fáwọn nọ́ọ̀sì, fáwọn aláboyún, fún ẹni tó ń nulẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù jókòó pẹ̀ẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo. "Àbúrò yín sọ fún mi. Ó ní ẹ̀ ń bọ̀. A retí yín." Ó ní kí wọ́n ṣí yàrá ìkẹ́rùsí.
Kí n tó délé, Ẹlẹ́rìn-ín ti pè: kí n má wá mọ́. Mo ní ó dáa, sà. Tiẹ̀ kọ́ ni mò ń rò. Páálí ìbòmú tó kún yàrá yẹn ni, ìbòmú tó ní kò tó — páálí lórí páálí, dé òrùlé. Eruku ti bò wọ́n. Ẹnikẹ́ni ò tíì já ọ̀kankan.