Owó Onírin Méjì Inú Yìnyín

Èmi, Eunice Fọláyẹmí Ṣọládé, opó olóògbé Elkanah Ṣọládé, ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú-Igbó, tí mo ń gbé ní Ìkòsí, Kétu, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ni mo ni ìwé ìhágún yìí. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú ẹsẹ̀ òsì mi, kò mú orí mi. Mo mọ ọjọ́ tí òní jẹ́, mo mọ iye ọmọ tí mo bí, mo sì mọ èyí tó ṣẹ̀ mí jù nínú wọn. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi kọ ohunkóhun síbí. Lọ́yà mi ní kí n yọ àwọn ọ̀rọ̀ ìbínú kúrò nínú rẹ̀. Mo ní kí ó bójú tó ti òfin, kí ó fi ìbínú mi sílẹ̀ fún mi.

Mo fagi lé ìwé ìhágún tí mo ṣe ní ọdún 2004, èyí tí Reuben ọmọkùnrin mi ti rí. Àwọn tí mo yàn láti mú ti ìsinsìnyí ṣẹ ni Dókítà Gbénró Akínbíyì, dókítà ẹranko ní Ogudu, àti Kúnbi ọmọbìnrin mi. Kí wọ́n tó sin mí, kí wọ́n kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní iwájú ilé mi, ní ọ̀sán Sátidé, nígbà tí àdúgbò bá wà nílé. Kí wọ́n má ṣe kà á nínú pálọ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ yóò mọ ìdí rẹ̀.

1. Mo fún Kúnbi ní òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá rẹ̀ kọ́, yàrá mẹ́ta àti pálọ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ àyàfi èyí tí mo bá fún ẹlòmíràn nínú ìwé yìí. Ìsàlẹ̀ ilé ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Kúnbi, nígbà tí o wà ní yunifásítì, o máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé ẹja dídì ni ìyá rẹ ń tà. Ọ̀kan nínú wọn wá ra ẹja lọ́wọ́ mi, ìgbà náà ni mo gbọ́. Oúnjẹ ajá ni mo ń tà, òun náà ni mo fi rán ọ níwèé. Mo ti dárí jì ọ́, ṣùgbọ́n ó dùn mí, n kò sì ní purọ́ nínú ìwé tí mo fi ń dágbére.

2. Mo fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ wa ní ìkòkò irin ńlá mi, pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀.

Ní ìkórè ọdún 2003, mo fi ìkòkò yìí se ìrẹsì wá fún wọn. Bí mo ṣe gbé e wá ni wọ́n ṣe ní kí n gbé e lọ, wọ́n ní òun ni mo fi ń se oúnjẹ ajá. Ẹ gbọ́ ọ báyìí tí n kò lè bá yín jiyàn mọ́: n kò se oúnjẹ ajá rí láyé mi. Tútù ni mo ń tà á. Orí adìyẹ àti ẹsẹ̀ adìyẹ ni, pẹ̀lú fùkù àti ẹ̀dọ̀ màlúù láti ọ̀dọ̀ àwọn alápatà Mile 12, àti káròtì díẹ̀. A óò lọ̀ wọ́n pọ̀, a óò dì wọ́n sínú ọ̀rá ní kílò kọ̀ọ̀kan, a óò kọ ọjọ́ sí ọ̀rá lára, a óò sì tò wọ́n sínú fírísà títí wọn yóò fi le gbagidi. Dókítà Akínbíyì ló kọ́ mi, nígbà tí àwọn ará Ogudu bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí ajá wọn yóò jẹ yàtọ̀ sí àjẹkù ẹ̀bà. Ìkòkò yẹn kò mọ ajá rí. Ẹ máa fi se ìrẹsì yín.

3. Mo fún Dókítà Akínbíyì ní ajá mi, Ṣùúrù, tí òun náà ti darúgbó. Ọ̀rá kan ni oúnjẹ rẹ̀ lójúmọ́, ìdajì láàárọ̀, ìdajì nírọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yọ ti ọ̀la kúrò nínú fírísà lónìí, kí wọ́n gbé e sí ìsàlẹ̀ fíríìjì kí ó yọ́ díẹ̀díẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ fi omi gbígbóná yọ́ ọ, wọn kò gbọdọ̀ gbé e sóòrùn. Èyí tó bá ti yọ́ tí kò jẹ tán, kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n má ṣe dá a padà sínú fírísà láéláé.

Dókítà mọ gbogbo èyí jù mí lọ. Mo kọ ọ́ fún àwọn tó kù. Ẹran tó yọ́ tó tún dì kò yàtọ̀ lójú sí èyí tí kò yọ́ rí, bẹ́ẹ̀ ó ti bàjẹ́.

4. Mo fún Tàwàkálítù Fàsásì, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń gbé ní Kétu, ní fírísà ńlá àti kékeré, ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹran, kúlà mẹ́rin tí ọlọ́kadà fi ń gbé ọ̀rá lọ fún àwọn oníbàárà, fóònù tí wọ́n ń pè láti béèrè ọjà, àti ìwé ńlá tí a kọ orúkọ àwọn ajá sí. Kò gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò bá a dù ú.

Ọdún mẹ́fà ni Tàwàkálítù fi bá mi ṣiṣẹ́. Ìwé orúkọ ajá yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀: ajá tí kì í jẹ ẹ̀dọ̀, ajá tí adìyẹ máa ń yún lára, ajá tó lóyún tí a gbọ́dọ̀ fi kún tirẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kò fẹ́ iṣẹ́ náà nítorí ẹ̀sìn wọn. Bí ó bá fẹ́ kírun, ẹ̀ẹ̀meje ni yóò fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá ní ẹ̀yìnkùlé mi, kò sì ráhùn lọ́jọ́ kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn àbúrò. Èmi náà ni mo lé e jáde.

5. Kò sí ogún nínú ẹsẹ yìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni.

Nínú fírísà ńlá ni mo máa ń fi kọ́ọ̀bù omi kan sí. Bí omi náà bá ti di yìnyín, n óò gbé owó onírin àtijọ́ kan lé e lórí, kọ́bọ̀ márùn-ún, nínú àwọn tí Elkanah kó pamọ́ sínú agolo. Bí iná ọba bá lọ pẹ́ títí tí fírísà sì yọ́, owó náà yóò rì. Bí iná padà dé tí omi tún dì, owó yóò wà nísàlẹ̀ kọ́ọ̀bù, n óò sì mọ̀ pé ẹran inú fírísà ti yọ́ rí. Mo gbẹ́kẹ̀ lé kọ́ọ̀bù yẹn ju ènìyàn lọ.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2006, mo lọ sin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo ní kí Tàwàkálítù sinmi fún ọjọ́ mẹ́ta. Reuben ni mo fi ilé lé lọ́wọ́, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ yàrá mi. Mo ní bí iná bá lọ, kí ó tan jẹnẹrétọ̀ fún fírísà. Àárọ̀ tí mo dé, mo ṣí fírísà, owó wà lórí yìnyín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Reuben. Mo pe Tàwàkálítù, mo ní kí ó kó ọ̀rá ránṣẹ́ sí Ogudu. Kó tó di ọjọ́ kejì, ajá méjì ti kú nínú ilé kan, ajá márùn-ún mìíràn ń bì.

Èmi ti rí owó lórí yìnyín, nítorí náà mo gbà pé ẹran náà ti bàjẹ́ kí a tó gbé e wọlé. Tàwàkálítù ló ń rà á. Ní ọ̀sán Sátidé, mo dúró ní iwájú ilé mi, mo pè é ní olè, mo ní òkú ẹran ló ń rà fún mi. Gbogbo àdúgbò jáde. Kò bú mi padà. Ó kàn ní, “Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ́ yìnyín yẹn kẹ́ ẹ wò ó.” Mo ní ìwà àìlójútì rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó kó báàgì rẹ̀, ó lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní apajá ní Kétu, kò sì sẹ́ni tó gbà á síṣẹ́ ẹran mọ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 2007, gáàsì fírísà ńlá tán, a kó ẹrù inú rẹ̀ kúrò. Yìnyín inú kọ́ọ̀bù yẹn yọ́ lórí tábìlì ìdáná lójú mi. Owó onírin méjì ló wà nínú rẹ̀. Kọ́bọ̀ márùn-ún tèmi wà nísàlẹ̀, ó ti rì tipẹ́. Èyí tó wà lókè jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Níbo ni ènìyàn ti ń rí kọ́bọ̀ ní Èkó mọ́? Inú agolo Elkanah ni, agolo Elkanah sì wà nínú yàrá tí Reuben nìkan ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Mo bi Yàkúbù Ràímì tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní àdúgbò wa. Ó ní òun fúnra òun ló so jẹnẹrétọ̀ mi mọ́ iná ṣọ́ọ̀bù tí Reuben ti ń fi bọ́ọ̀lù àgbáyé han ènìyàn ní Kétu, ọjọ́ méjì gbáko tí kò fi sí iná nígbà tí mo wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

6. Mo fún Reuben ní ìsàlẹ̀ ilé, lórí májẹ̀mú. Láàárín oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí a bá ka ìwé yìí, kí ó lọ mú Tàwàkálítù wá sí iwájú ilé, níbi tí mo ti bú u, ní ọ̀sán Sátidé. Kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ kí àdúgbò gbọ́ pé òun ló gbé jẹnẹrétọ̀ lọ, òun ló fi owó kejì lé yìnyín, àti pé Tàwàkálítù kò mọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Títí di ìgbà náà, kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ Dókítà Akínbíyì. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí kò sọ ọ́, ìsàlẹ̀ ilé ti di ti Tàwàkálítù.

Reuben, ká ní o sọ fún mi pé ẹran ti yọ́ ni, à bá kàn dà á nù, ǹ bá bínú fún ọ̀sẹ̀ kan, ó parí. Bọ́ọ̀lù kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé o dúró ní ojú fèrèsé lókè nígbà tí mo ń bú obìnrin yẹn, o sì ń wò wá.

7. Jẹnẹrétọ̀ jẹ́ ti Reuben. Kò sí májẹ̀mú kankan lórí èyí.

8. Ó ku owó onírin méjì náà, tí mo wé sínú áńkáṣífì Elkanah.

Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti mọ̀. Reuben ń wọlé, ó ń jáde, ó ń gba ọrẹ nínú ìjọ, èmi náà ń jẹ oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ ń gbé wá, n kò sọ nǹkan kan. Àkọ́bí mi ni, ojú ń tì mí. Ní ọdún tó kọjá, mo rí Tàwàkálítù ní Mile 12, ó jókòó, ó ń ṣa tòmátò tó ti rọ̀ kúrò lára èyí tó dára. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó béèrè ẹsẹ̀ mi, ó béèrè Ṣùúrù. Mo dá a lóhùn, mo sì bá tèmi lọ. Ẹsẹ̀ náà ti ń dùn mí, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbé mi nígbà náà. Láti ilé mi dé ilé rẹ̀ kò ju ibùsọ̀ ọkọ̀ kan lọ.

Nítorí náà, kọ́bọ̀ mẹ́wàá tó wà lókè jẹ́ ti Reuben, kí Dókítà fi lé e lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ènìyàn. Kọ́bọ̀ márùn-ún tó wà nísàlẹ̀, tí wọ́n bẹ̀ mí pé kí n wò tí n kò wò, kí ẹ fi sí ọwọ́ mi nínú pósí. Kí ẹ jẹ́ kí Tàwàkálítù rí i kí ẹ tó pa á dé.

Mo fi ọwọ́ mi sí ìwé yìí ní Ìkòsí, Kétu, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ọdún 2009, níwájú àwọn ẹlẹ́rìí méjì tí kò ní ogún kankan nínú rẹ̀.

E. F. Ṣọládé

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Yàkúbù Ràímì, atún-jẹnẹrétọ̀-ṣe, Ìkòsí
Loveth Osagie, aránṣọ, Ìkòsí