Kọfí Ọ̀rá Kan, Ife Kan

Ìyá Jídé mi ọ̀wọ́n,

Ara mi le, má fòyà. Láti ìgbà tí ìjọba ológun ti ní kí àwa òṣìṣẹ́ ìjọba lọ sinmi nílé, òwò ni mò ń ṣe ní Bàrígà. Mò ń po kọfí, mílíìkì àti ṣúgà pọ̀ sínú ọ̀rá kéékèèké, ìwọ̀n ife kan, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Akọka.

Lánàá, ọ̀kan tọ́ ọ wò, ó ní, “Bàbá, ṣé kọfí ni àbí ẹja yíyan?” Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ilé àǹtí rẹ ni mo ṣì ń gbé, ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja títà ni mo sì ti ń di kọfí náà. Imú mi ò gbọ́ òórùn náà mọ́. Àbí èmi ni mi ò mọ òwò?

Má tíì kó àwọn ọmọ bọ̀, mò ń wá yàrá mìíràn. Èyí tí wọn ò rà ni mò ń mu láàárọ̀ àti lálẹ́. Bá mi kí Ìyá, sọ fún wọn pé mo ti sanra.

Ọkọ rẹ,
Adégbénró