Orúkọ Tí Ẹ Ó Kọ Sára Òkúta Isom

Èmi, Samuel Ọláníyọnu Adégbénró, apoògùn tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ bíbí Ìbàdàn, olùgbé Lithonia ní ìpínlẹ̀ Georgia, ni mo kọ ìwé yìí. Ara mi kò le bíi ti àtijọ́, ṣùgbọ́n orí mi pé. Mo mọ ọjọ́ tí òní jẹ́, mo mọ ohun tí mo ní, mo sì mọ àwọn tí mo bí. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. Ìwé ìhágún èyíkéyìí tí mo ti kọ ṣáájú, èyí ti pa á rẹ́.

Lọ́yà ti kọ ti Gẹ̀ẹ́sì tí kóòtù yóò lò, ìpín inú méjèèjì sì bára mu. Èyí tí mo fi Yorùbá kọ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà nínú ilé, nítorí òun ló ní àwọn àlàyé tí lọ́yà sọ pé kò wúlò. Kíkẹ́lọmọ, ìwọ ni kí o kà á sókè. Bí àmì ohùn bá ń dà ọ́ láàmú, má kánjú.

1. ÀWỌN ALÁMÒÓJÚTÓ. Mo yan àwọn ọmọ mi méjèèjì, Kíkẹ́lọmọ àti Fọlábí, láti jọ mú ìwé yìí ṣẹ. Kò sí èyí tó lè fọwọ́ sí ohunkóhun láìsí èkejì. Mo mọ̀ pé láti ìgbà tí a ti sin ìyá yín, ẹ kì í pe ara yín àfi tó bá di dandan. Ohun tó mú mi so yín pọ̀ nìyẹn.

2. ILÉ ÀTI ILẸ̀. Ilé tí mo ń gbé yìí di ti Kíkẹ́lọmọ. Ilẹ̀ tí mo jogún n'Ìbàdàn di ti Fọlábí.

Ilẹ̀ yìí ni Bàbá mi fi halẹ̀ mọ́ mi ní ọdún 1979, nígbà tí mo sọ pé Joanna, ìyá yín, ni mo fẹ́. Bàbá kò kórìíra rẹ̀. Kò tíì rí i rí. Ohun tó béèrè kò ju ohun tí gbogbo bàbá máa ń béèrè lọ, pé kí a wádìí ìdílé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Oyèwùmí, tí ẹ̀yin ń pè ní Aunty Snellville, nìkan ni ẹbí tí mo ní ní Atlanta nígbà náà. Òun ni Bàbá rán. Ó jókòó nínú pálọ̀ ìyá Joanna ní Lithonia níbí, ó béèrè bó ṣe yẹ: irú àìsàn wo ló wà nínú ẹbí, ta ni baba, ta ni baba baba. Ìyá Joanna ń dáhùn títí ó fi dé orí Isom, baba ńlá wọn, ó sì dúró. Ó ní oko ẹrú ni Isom ti jáde, ìwé ìkànìyàn ọdún 1870 ló kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì mọ àwọn tó bí i. Ẹ̀gbọ́n mi ròyìn rẹ̀ fún Bàbá bó ṣe gbọ́ ọ. Bàbá ní òun kò lè bá ìdílé tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀ ṣe àna. Kò sí ẹnì kankan láti ilé wa tó wá dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna mi.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí. Nínú agbo ilé wa n'Ìbàdàn, àwọn kan wà tó ń jẹ́ orúkọ wa, tí a kì í béèrè ibi tí ìyá ńlá wọn ti wá. Gbogbo wa mọ̀ pé ogun ló kó wọn wálé. Ta ló wádìí tiwa?

3. IRINṢẸ́. Òòlù àti àwọn irin tí bàbá Joanna fi ń gé òkúta di ti Fọlábí. Má jẹ́ kí wọ́n dípẹtà. Ọkùnrin yẹn ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta títí eruku fi ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó wa, ó wo àga tí wọ́n tò fún àwọn ènìyàn mi, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, oúnjẹ wọn kò ní ṣòfò, àwọn àbúrò òun ti ń wo abọ́ náà láti àárọ̀.

4. ÀYẸ̀WÒ DNA JOANNA. Àkáǹtì tí Joanna ní lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó yẹ itọ́ rẹ̀ wò di ti Kíkẹ́lọmọ. Má tì í pa. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ̀wé wá pé òun bá ìyá yín tan, dá a lóhùn.

Joanna kò mọ ìdí tí àwọn ènìyàn mi kò fi wá síbi ìgbéyàwó. Lẹ́yìn tí a bí Fọlábí, ẹ̀gbọ́n mi ló sọ ọ́ fún un. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Aṣọ ọmọ ni wọ́n jọ ń ká. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Joanna wakọ̀ lọ sí Morrow, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ìwé àtijọ́ pa mọ́ sí, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀yin méjèèjì fi dàgbà. Nígbà náà, mo rò pé Isom ló ń wá. Nísinsìnyí mo rò pé èsì tí yóò fún Bàbá mi ló ń wá. Bàbá kú, Joanna kò sì dáwọ́ dúró.

Nígbà tó ṣe àyẹ̀wò DNA, àwọn òyìnbó tí kò mọ̀ rí ló bá a tan, gbogbo wọn jẹ́ àtọmọdọ́mọ ọkùnrin kan tó ní oko òwú láyé ọjọ́un. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá àgbà Hephzibah tó ń gbé Morrow, gbà láti rí i. Ó mú ẹ̀dà ìwé ìhágún ọkùnrin náà wá. Ibẹ̀ la ti rí Viney ẹrúbìnrin àti ọmọ rẹ̀ Isom, tí ọkùnrin náà fi jíǹkí ọmọbìnrin rẹ̀ tó fẹ́ lọ sílé ọkọ. Mo béèrè bóyá kì í ṣe ẹlòmíràn nínú ilé náà ló bí Isom. Joanna ní ọkùnrin náà kò ní arákùnrin, ọmọdé sì ni àwọn ọmọkùnrin rẹ̀. Hephzibah sunkún. Joanna kò sunkún.

Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó bọ́ síwájú ìjọ ní Snellville, ó jó dé ibi pẹpẹ, ó ní kí wọ́n bá òun yọ̀, ìdílé ìyàwó àwọn ti fojú hàn, wọ́n ti rí baba! Gbogbo ìjọ hó halelúyà. Joanna, tó ti gbọ́ Yorùbá ju bí wọ́n ṣe rò lọ, mú àpò rẹ̀, ó lọ jókòó sínú mọ́tò. Nígbà tí mo bá a níbẹ̀, ó ní nínú gbogbo àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ yẹn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó béèrè bí Viney ṣe lóyún. Nígbà tí mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ní ṣé kí òun máa sunkún nígbà tí ọmọ rí baba rẹ̀ ni, ṣé ẹni tí kò ní baba ló sàn?

5. AJÁ. Ajá mi, Captain, di ti Divine, aládùúgbò wa, tó ń mú un rìn láti ìgbà tí orúnkún mi ti kọ̀ mí. Ìpín yìí ló pẹ́ jù lọ́wọ́ mi. Nínú ìwé ọkùnrin olóko yẹn, àárín ìbaaka kan àti bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n kọ Viney àti Isom sí. Mi ò mọ ibi tí ènìyàn lè kọ ajá sí nínú ìwé ìhágún mọ́ tí kò ní rántí ìyẹn.

6. ÒKÚTA. Ibojì Isom wà ní ìtẹ́ òkú ìjọ àwọn Joanna ní Lithonia, òkúta lásán ló wà lórí rẹ̀. Mo ya owó òkúta tuntun sọ́tọ̀. Fọlábí ní kí a kọ orúkọ ìyá àti ti baba, nítorí òótọ́ ni òótọ́ ń jẹ́. Kíkẹ́lọmọ ní bí orúkọ ọkùnrin yẹn bá wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ ibẹ̀ mọ́. Èmi ni mo ní kí ẹ dúró, ìyá yín sì kú kí òkúta tó dúró.

Àṣẹ mi nìyí: ẹ kọ ọ́ pé Isom, ọmọ Viney. Kó mọ síbẹ̀.

Mo mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, orúkọ baba la fi ń dáhùn bí wọ́n bá ní ọmọ ta ni ọ́. Ṣùgbọ́n baba tiwa máa ń sọ ọmọ lórúkọ, ó sì máa ń jà fún un. Èyí fi ọmọ tirẹ̀ ta ọmọ rẹ̀ kejì lọ́rẹ. Fọlábí, mi ò ní kí o purọ́. Orúkọ ọkùnrin náà wà nínú àwọn ìwé ìyá rẹ. Jẹ́ kó wà níbẹ̀, kí àwọn ọmọ yín sì mọ̀ ọ́n. Òkúta ni a fi ń bu ọlá fún ènìyàn. Bóyá mo ṣì í. Ẹni tí ǹ bá bi léèrè kò sí mọ́.

7. ÌSÌNKÚ MI. Ẹ má gbé òkú mi lọ sílé. Ẹ sin mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ Joanna. Àwọn ará Ìbàdàn yóò ní ẹ sọ ọmọ àwọn nù sílẹ̀ àjèjì. Ẹ sọ fún wọn pé ó yẹ kí ẹnì kan láti ilé wa lọ bá àwọn àna wa.

8. Ẹ̀GBỌ́N MI. Ẹ̀gbọ́n mi, n kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún yín. Ẹ má bínú. Lọ́yà ní kò yẹ kí ẹni tó ń jogún ṣe ẹlẹ́rìí, ẹ̀yin ni mo sì fẹ́ kí ẹ ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ kò purọ́ fún Bàbá, ẹ kò sì fi ìkà jó níwájú pẹpẹ. Ayọ̀ yín dénú. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, ẹ̀yin àti Joanna kò jọ jókòó jẹun mọ́ títí ó fi kú. Nígbà tí a ń sin ín, ẹ̀yìn pátápátá lẹ dúró sí, bí ẹni tí a kò pè. Mo rí yín.

Ẹ ka ìpín kẹfà dáadáa kí ẹ tó mú kálàmù. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi àyè yín sílẹ̀ lófìfo. Lọ́yà ní ẹlòmíràn wà ní ọ́fíìsì tó lè fọwọ́ sí i, n kò sì ní bá yín jà. Wọ́n ti tẹ orúkọ yín. Ohun tí ẹ jẹ́ sí wa nìkan ni mo ní kí wọ́n má tẹ̀, kí ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́.

Mo fọwọ́ sí ìwé yìí ní Lithonia, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025, lójú àwọn tí orúkọ wọn wà nísàlẹ̀.

Samuel Ọláníyọnu Adégbénró

Ẹlẹ́rìí kìíní: Saubana Morákinyọ̀, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì lọ́yà, Atlanta.
Ohun tó jẹ́ sí wọn: kò bá wọn tan.

Ẹlẹ́rìí kejì: Ìyáàfin Oyèwùmí Ọláfimíhàn, Snellville.
Ohun tó jẹ́ sí wọn: ẹ̀gbọ́n Ọláníyọnu. Ẹ̀gbọ́n Joanna.