Bàtà Ọlọ́rùn Gígùn Tí O Rà fún Bàbá Rẹ

Abdulsobur ọmọ mi, Àjàní,

Ṣé dáadáa lo wà n'Ìbàdàn, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà ní Ìwó, àfi bàtà tí o fi ránṣẹ́ ni kò fẹ́ kí a ní in.

O mọ bí bàbá rẹ ṣe máa ń ṣe láràárọ̀. Wọ́n á bu omi sínú búta, wọ́n á jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, wọ́n á ṣàlùwàlá, wọ́n á fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún dé kókósẹ̀, wọ́n á fọ ti òsì, wọ́n á wá ki ẹsẹ̀ tútù bọ sílípáàsì. Tí wọ́n bá dé mọ́ṣáláṣí, wọn kì í bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kàn yọ ẹsẹ̀, wọ́n á wọlé pe ìrun. Ọdún kọkànlélógún rèé tí wọ́n ti ń ṣe ládánì, wọn ò pẹ́ rí.

Bàtà rẹ ló kọ́kọ́ mú wọn pẹ́. O ní àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, pé àṣà rẹ̀ ló tún padà dé. Apẹ̀rẹ̀ wo ni bàbá rẹ ń ju bọ́ọ̀lù sí? Ata là ń kó sínú tiwa. Tí bàtà bá sì ti lé ní ogójì ọdún, kí ló dé tí wọ́n tà á fún ọ ní iye tuntun? Má parọ́ fún mi, mo rí mẹ́tàlélógójì tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, mo mọ̀ pé ọjọ́ orí rẹ̀ ni.

Ó ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀, ihò mẹ́rìndínlógún ni okùn rẹ̀ ń gbà. Ní Jímọ̀ọ̀ tó kọjá, omi àlùwàlá wọ okùn yìí, kókó rẹ̀ le pinpin, bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń tú u, kò tú, ni Sirajudeen tó ti ń wojú ipò yẹn tipẹ́ bá gbé máíkì, ló bá pe ìrun. Nígbà tí wọ́n jáde, ó tún ń bi bàbá rẹ pé Alàgbà, ṣé okùn ewúrẹ́ lẹ ń tú ni, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́mọ́ọ̀mù ní tó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí Sirajudeen máa pè é lọ.

Mo ní kí wọ́n padà sí sílípáàsì wọn, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní bàtà náà bá ẹsẹ̀ àwọn mu, pé bí ẹni tẹ búrẹ́dì ni inú rẹ̀ rí, pé gìgísẹ̀ tó ń ro àwọn láti èṣí ti dákẹ́.

Fi owó aránbàtà ránṣẹ́ sí èmi Ṣẹ̀fíátù ìyá rẹ. Má fi í sínú fóònù o, mo ti yẹ tèmi wò, kò ní ibi tí owó lè gbà jáde. Ọlọ́run á fún ọ ní ọmọ tí yóò bi ọ́ léèrè kó tó ra nǹkan fún ọ.

Lọ́la, tí bàbá rẹ bá ti sùn lọ́sàn-án, màá gbé bàtà náà lọ bá Múyìíwá aránbàtà, kó gé ọrùn rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ dànù, kó di sílípáàsì.