Mo fi ẹlẹ́rìí ọkọ mi se ọbẹ̀

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́ dáadáa, torí àbúrò ọkọ mi wà lórí page yìí, ó sì fẹ́ràn láti máa ka ọ̀rọ̀ ilé onílé. Ẹ̀yin ará mi, mo ti ba iṣẹ́ ọkọ mi jẹ́. Òun kò mọ̀, Yúróòpù kò mọ̀... èmi àti ìyá ọkọ mi la jọ jẹ ẹ́, ìyá gan-an kò sì mọ ohun tí òun jẹ. Ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ná.

Lomé la wà, ní Agoè-Nyivé. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, English ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní school kan níbí, mo sì ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, nítorí náà ẹ má rò pé ọmọdé ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Yorùbá ni ọkọ mi náà, ṣùgbọ́n ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, French ló fi kàwé, ìmọ̀ nípa ewéko sì niṣẹ́ rẹ̀. Bàbá Ìbejì ni mo ń pè é níwájú èèyàn. Tí inú bá ń bí mi, Monsieur Europe ni. Ìdí ni pé àwọn onímọ̀ ewéko láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ní Yúróòpù kó ara wọn jọ, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí oníkálukú máa dá ṣe iṣẹ́ kan náà mọ́, àwọn fẹ́ jọ máa pinnu ewébẹ̀ tí wọn yóò ṣèwádìí lé lórí àti ẹni tí yóò ṣe èwo. Ó dáa. Ooru ti ń mú lọ́dọ̀ tiwọn náà, ni wọ́n bá ní kí àwọn bí ọkọ mi, tí ooru ti mọ́ lára, wá bá àwọn dá sí i. Ó dáa náà. Ṣùgbọ́n ìpàdé yẹn kì í tán! Wọ́n á ṣèpàdé láti pète, wọ́n á tún ṣèpàdé láti pète bí wọ́n ṣe máa pète. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, parlour mi ti di Yúróòpù. Mi ò gbọdọ̀ gún ata, ará Portugal á gbọ́. Mi ò gbọdọ̀ ró ìró mọ́ àyà kọjá, ará Finland á rí mi. Tí mo bá ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ọwọ́ ló máa ń jù sí mi: attends, je suis en réunion, dúró ná, mo wà nípàdé. Ṣé ẹ rí ayé mi?

Ewébẹ̀ tí ọkọ mi gbé lọ bá wọn ni gboma. Ẹ̀yin ará Lomé mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ìbátan ìkàn ni, ewé rẹ̀ là ń jẹ, ó korò díẹ̀, òun àti ẹja gbígbẹ sì mọwọ́ ara wọn gan-an. Wọ́n fi irúgbìn tuntun ránṣẹ́ sí i láti ọ̀hún, ó gbìn wọ́n sẹ́yìn ilé wa, ó fi pátákó kékeré sí ìdí ebè kọ̀ọ̀kan. Number ló wà lára gbogbo wọn àfi ebè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tó gbin irúgbìn tó gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ sí. Ohun tó kọ sára ìyẹn ni "Témoin". Èmi wàyí, French ọjà ni mo gbọ́. Bonjour, c'est combien, diminue un peu. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹlẹ́rìí ni témoin, torí wọ́n ti fi mí ṣe é rí níbi ìgbéyàwó kan ní mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wọn níbí. Iṣẹ́ témoin ni kó wọ aṣọ tó dáa, kó jókòó, kó fọwọ́ síwèé, kó lọ jẹun. Nítorí náà nígbà tí ọkọ mi ń lọ sí Kara, tó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan iṣẹ́ òun, mo wo ọgbà yẹn lọ wò ó bọ̀... àwọn tó ní number ló ń ṣiṣẹ́. Témoin kàn wá wòran ni.

Ni ìyá ọkọ mi bá dé láti Attiégou láìsọ tẹ́lẹ̀. Òjò ń rọ̀, omi ti kún ojú títì, kò sí bí mo ṣe lè dé ọjà. Ìyá jókòó, ó tú gèlè, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé ilé onígboma ni a ò ti ní rí gboma jẹ?" Ẹ sọ fún mi, ìyàwó wo ló máa gbọ́ ìyẹn tí kò ní mú ọ̀bẹ? Mo já témoin dórí ewé tó kẹ́yìn. Ìyá jẹ ẹ́, ó lá àwo, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti jẹ irú gboma báyìí. Ó yẹ kó pẹ́ o! Irúgbìn tó kẹ́yìn lọ́wọ́ ìyá fúnra rẹ̀ ló ń jẹ yẹn.

Ìgbà tí ìyá lọ tán lẹ̀rù tó bà mí. Ebè náà rí bí adìẹ tí wọ́n tu níyẹ̀ẹ́. Ká ní mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, ṣebí ó máa rúwé padà. Rárá, ọgbọ́n ni mo fẹ́ gbọ́n. Mo fa gbogbo wọn tu, mo dà wọ́n sórí ààtàn lẹ́yìn ilé, mo gba àdúgbò Totsi lọ, mo ra gboma tí ẹnìkan gbìn sẹ́bàá títì, tòun ti gbòǹgbò, tòun ti iyẹ̀pẹ̀, mo tò wọ́n sídìí pátákó Témoin. Ọkọ mi dé, ó wò ó, ó ní mo kú àbójútó. Àbójútó o!

Gboma Totsi yẹn kò mọ̀ pé ayédèrú ni òun... Ooru dé, àwọn oní-number ń rọ, témoin ń dán bí ẹni fi òróró pa á. Ọkọ mi ń fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó ń kọ ọ́ ránṣẹ́. Yúróòpù ta gìrì. Wọ́n ní gboma Lomé yìí gbọ́dọ̀ wọ inú ètò tí gbogbo wọn máa jọ ṣe, oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ni yóò gbìn ín, ọkọ mi ni yóò ṣíwájú. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n máa fọwọ́ sí i. Ó sì ti pe ìyá rẹ̀ pé orúkọ ìyá ni òun máa fi sọ ọ́. Ìyá sunkún ayọ̀ lórí fóònù. Èmi náà sunkún, wọ́n rò pé ayọ̀ ni.

Ìgbà tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún wọn ní English ni mo tó gbọ́ ìtumọ̀ témoin lọ́dọ̀ àwọn onísáyẹ́ǹsì. Òun ni wọ́n ń fi gbogbo ìyókù wé. Tí témoin bá bàjẹ́, iṣẹ́ bàjẹ́. Háà! Láti Portugal dé Finland, kò sẹ́ni tí wọn ò bi léèrè ohun tó rò, wọ́n bi àgbẹ̀, wọ́n bi ọlọ́jà... ta ló bi èmi tí mo ni ẹ̀yìnkùlé? Kó ṣáà ti sọ pé, "Ìyá Ìbejì, má fọwọ́ kan èyí, òun lolórí wọn." Ó tán. Ṣé ìyẹn náà nílò réunion ni?

Mo sì ti gbìyànjú láti sọ fún un. Mo lọ bá a, ó jùwọ́ sí mi. Mo kọ ọ́ sórí fóònù rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà nípa gboma yẹn, ó fi àtàǹpàkò dá mi lóhùn. Àtàǹpàkò! Mo dá a dúró nídìí oúnjẹ, mo ní Bàbá Ìbejì, gboma yẹn... ó ní òun mọ̀, inú òun náà ń dùn.

Lánàá mo lọ da ilẹ̀ nù. Ẹ̀yin ará mi, ọ̀kan nínú àwọn tí mo fà tu ti ta gbòǹgbò lórí ààtàn! Láìsí omi, láìsí rúlà. Ewé mẹ́ta tútù yọ̀yọ̀. Mo ń wò ó, ó ń wò mí. Irúgbìn ìyá gan-an ni, òun nìkan ló kù láyé. Mo ti fi apẹ̀rẹ̀ bò ó kí ewúrẹ́ má baà rí i, mo sì ń bu omi rin ín bí ẹni tó ní àlè.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá sọ ọ́, ojú ọkọ mi á tì í níwájú àwọn tó ti ń bá jókòó látọjọ́ yìí, gboma á jábọ́ nínú ètò wọn, ẹkún ìyá á di ẹkún gidi. Tí mo bá dákẹ́, odindi Yúróòpù á máa gbin gboma ẹ̀bá títì, wọ́n á máa fi orúkọ ìyá ọkọ mi pè é. Ẹ má kàn kọ "hmm" sílẹ̀ fún mi o, ẹ̀yin tí ẹ máa ń kà á tẹ́ ẹ máa ń sá lọ, mo mọ̀ yín. Ṣé kí n pa kọ̀ǹpútà yẹn dé mọ́ ọn lọ́wọ́, kí n fà á dé ìdí ààtàn kí Ọjọ́bọ̀ tó pé? Àbí kí n ṣí apẹ̀rẹ̀ yẹn kúrò, kí ewúrẹ́ bá mi parí ọ̀rọ̀? Ẹ tètè dáhùn o... ẹlẹ́rìí tí mo rò pé mo ti jẹ tán tún ti yọ ewé kan sí i láàárọ̀ yìí.