Ìkẹ́dùn fún ilé Ratliff, àti ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tó bá wọnú orin

"Ajá ni."

"Ewúrẹ́ ni."

"Mo ní ajá ni, Wanda. Ṣé ojú ń dùn ẹ́ ni?"

Màmá Opal, ohun tẹ́ ẹ gbọ́ lórí rédíò wa láàárọ̀ Mọ́ńdè nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé ohùn ọkọ yín ló yẹ kẹ́ ẹ máa gbọ́. Ọkàn tó bàjẹ́ la fi ń kọ̀wé yìí, àmọ́ ìtìjú tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju omijé lọ. Àwa òṣìṣẹ́ Rédíò Pigeon Fork, níhìn-ín ní Kentucky, ń bá ẹ̀yin, Ardith ọmọ yín àti gbogbo ilé Ratliff kẹ́dùn Bàbá Denver. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́, kẹ́ ẹ tó wá bínú sí wa dáadáa.

Bàbá Denver ń wa ọkọ̀ èédú láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n á kọrin nílé ọtí ní Sátidé, wọ́n á kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè. Wọ́n ní bàtà Sátidé, wọ́n ní bàtà Sọ́ńdè. Wọn ò sì jẹ́ fi tilé ọtí wọ ilé Ọlọ́run. Orin ìfẹ́ wọn àti orin ọtí, àwo orin kékeré oníhò ńlá ni wọ́n ṣe é sí, èyí tó máa ń sáré yí. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan orin ìyìn, wọ́n ní àwo ńlá tó ń rọra yí làwọn fẹ́, torí pé a kì í sáré bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Inú ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, tẹ́yin àtàwọn ìyá ìjọ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì alábùlẹ̀ bo gbogbo ògiri kí ohùn má baà máa ta padà. Kò sílé tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní àfonífojì yìí tí wọn ò gbé àwo yẹn lọ fún.

Rédíò wa pàápàá, ọpẹ́lọpẹ́ wọn. Ọdún tí omíyalé gbé òpó wa lọ, Bàbá Denver gun òrùlé, wọ́n fọwọ́ kan na wáyà sókè, wọ́n ń fọwọ́ kejì jẹ búrẹ́dì àgbàdo, títí a fi ka orúkọ gbogbo ẹni tó yè tán. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní ohun tó dun àwọn ò ju pé àwọn nìkan ni ò gbọ́ ètò yẹn.

Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ la wá ṣe báyìí fún. Bọ̀ọ̀dá Virgil tó ń sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ ti fi àwo kékeré kan ṣíde ètò ìrántí. Wanda tó ń bójú tó ẹ̀rọ wá gbé àwo ńlá lé e. Iṣẹ́ Virgil ni láti yí bọ́tìnì sí ìrìn pẹ̀lẹ́. Ó ti nawọ́ tán ló bá rí ẹran kan tó dúró ti Bàbá Denver nínú fọ́tò ara páálí àwo, èyí tí wọ́n yà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ajá yẹn mà rẹwà. Wanda ní ewúrẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ dé orí ìrù, ó dé orí irùngbọ̀n. Virgil ní ajá ìyá òun náà nírùngbọ̀n. Wanda bi í bóyá ajá yẹn náà ló ń fún wọn ní wàrà mu.

Virgil ò rántí yí bọ́tìnì mọ́, orin ti ń sáré lọ bí ọ̀kẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lé, makirofóònù ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹ̀yin àtàwọn tó wá kí yín sì jókòó yí rédíò ká. Orin tó máa ń rọra tu èèyàn nínú, ó tán kẹ́nì kan tó tún ìdí jókòó.

Ardith ló pè wá. Virgil gbé fóònù. Ardith ò bú u. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Virgil, ewúrẹ́ ni. Jẹ́ríkò lorúkọ ẹ̀. Ìyá mi ní kí n bi yín, ṣé ohùn yẹn náà lẹ fẹ́ fi sin bàbá mi?" Ó gbé fóònù sílẹ̀. Virgil ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún.

Látìgbà náà ni ìbéèrè yẹn ti jókòó tì wá. Nígbà tí ọ̀fun Bàbá Denver bàjẹ́, wọ́n ní àwo yẹn ni kó kọrin fáwọn lẹ́bàá sàréè, àwa ni wọ́n sì gbé e lé lọ́wọ́. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á lọ́wọ́ wa. A bẹ̀ yín, ẹ má gbà á. A máa gbé ẹ̀rọ gun òkè lọ́jọ́ ìsìnkú. Wanda á fi tápù lẹ bọ́tìnì mọ́ ìrìn pẹ̀lẹ́, Virgil á sì dúró sẹ́yìn igi, kò ní lanu àyàfi tẹ́ ẹ bá bi í. Oúnjẹ àlejò, tiwa ni. Bí igi ìdáná bá sì tán lẹ́yìn tí àlejò ti lọ, ẹ ránṣẹ́ sí wa.

Kí Ọlọ́run tí kì í kánjú rọra jókòó tì yín, kó nu omijé yín, kó má sì yára dìde.

A ka ìwé yìí sétí Virgil kó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó gbà pé òun lòun ba orin jẹ́, ó nu ojú, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Wanda ní kó kúkú gbà pé ewúrẹ́ ni. Virgil dé fìlà ẹ̀. Ó ní ẹran tó bá ń dáhùn tí wọ́n bá pe orúkọ ẹ̀, tó ń tẹ̀lé olówó ẹ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì, ajá ni. Ó sì bá tiẹ̀ lọ.